Ìpele 360: Nọ́ńbà Tí Ó Ti Ọwọ́ Dé Ọwọ́ Láìjẹ́ Òótọ́

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006, nígbà tí aago Brasília wà ní 16:53, adarí ọkọ̀ òfurufú kan, ẹni tí ń ti ilẹ̀ darí àwọn bàálù, ní ibùdó ìdarí ìlú náà fi tẹlifóònù pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ìdarí Amazônica, èyí tí ó wà ní Manaus, kí ó lè fa bàálù kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ó sọ fún un pé bàálù náà wà ní ìpele 360, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 36,000 sókè. Ẹni tí ó wà ní ìhà kejì gbà á. Ìjíròrò náà kò gùn, kò sì sí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ni àwọn adarí máa ń bá ara wọn ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àmọ́ bàálù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí ní ìpele 360. Ìpele 370 ni ó wà, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìpè náà tí ó fi pàdé bàálù akérò kan tí ó ń bọ̀ láti Manaus, ní ìpele kan náà, lójú ọ̀nà kan náà. Ènìyàn 154 ni ó kú.

Ibi tí nọ́ńbà 360 yẹn ti wá ni àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ tọpasẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó sọ ọ́ kò purọ́, kò sì sí èyí tí ó hùmọ̀ rẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Ó ti inú ìwé bọ́ sójú kọ̀ǹpútà, ó ti ojú kọ̀ǹpútà bọ́ sẹ́nu ẹni tí ó ń parí iṣẹ́, láti ẹnu rẹ̀ ó bọ́ sétí ẹni tí ó ń wọṣẹ́, láti ibẹ̀ ni ó sì gba orí wáyà tẹlifóònù dé ibùdó kejì. Bí ó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni ó ń dà bí òótọ́ sí i. Ohun tí ó wà nínú ìròyìn tí CENIPA, àjọ tí ń ṣèwádìí ìjàǹbá bàálù ní Bràsíl, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àti nínú àlàyé tí NTSB, àjọ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi kún un, ni mo gbára lé. Mo fi orúkọ àwọn iléeṣẹ́ àti ti àwọn ènìyàn sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sórí àga kan náà.

Bàálù kékeré náà jẹ́ Embraer Legacy 600 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é jáde. Awakọ̀ méjì àti èrò márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e lọ sí Amẹ́ríkà fún ẹni tí ó rà á. Wọ́n gbéra ní São José dos Campos ní aago 14:51, wọ́n sì fẹ́ dúró ní Manaus kí wọ́n tó kọjá. Èkejì, Boeing 737-800, gbéra ní Manaus ní aago 15:35, ó ń lọ sí Brasília, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Rio de Janeiro. Èrò 148 àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni ó gbé. Ìpele 370 ni wọ́n fún un, ibẹ̀ náà ni ó sì wà títí dé òpin.

Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí ní láti mọ ohun kan kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé e. Ìhà tí bàálù bá dorí kọ ni ó ń pinnu irú ìpele tí yóò máa fò. Èyí tí ó bá dorí kọ ìhà ìlà-oòrùn a máa gba ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà tí iye rẹ̀ kò dọ́gba, bíi 35,000 àti 37,000, nígbà tí èyí tí ó dorí kọ ìhà ìwọ̀-oòrùn a máa gba èyí tí iye rẹ̀ dọ́gba, bíi 36,000 àti 38,000. Nípa bẹ́ẹ̀, bí àwọn méjì bá tilẹ̀ ń bọ̀ ní ìdojúkọ ara wọn lórí ọ̀nà òfurufú kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan yóò wà láàárín wọn. Ọ̀nà tí ó gba Poços de Caldas lọ sí Brasília, tí wọ́n ń pè ní UW2, yà díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí náà ìpele 370 bá a mu. Ṣùgbọ́n láti Brasília lọ sí Manaus, ọ̀nà UZ6 dorí kọ àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, 370 kò sì tọ́ níbẹ̀ mọ́ fún ẹni tí ó ń lọ. Àwọn tí ó kọ ètò ìrìnàjò bàálù kékeré náà mọ èyí dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ pé ìpele 370 ni yóò fò dé Brasília, 360 láti Brasília, lẹ́yìn náà ni yóò gòkè sí 380 láti ojú àmì kan tí wọ́n ń pè ní TERES. Kò sí àléébù nínú ìwé náà.

Ìdínkù àkọ́kọ́ wáyé kí bàálù tó kúrò nílẹ̀. Ilé ìṣọ́ São José ní láti béèrè àṣẹ ìrìnàjò lọ́wọ́ ibùdó Brasília. Adarí Brasília gé àṣẹ náà kúrú: ìpele 370, tààrà sí Poços de Caldas. Kò mẹ́nu kan 360, kò mẹ́nu kan 380, kò sì sọ ibi tí 370 yóò dé tí yóò fi parí. Ilé ìṣọ́ sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, àyàfi pé wọ́n dárúkọ Eduardo Gomes, pápákọ̀ òfurufú Manaus, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àṣẹ náà dé. Ẹni tí ó bá fetí awakọ̀ gbọ́ gbólóhùn yẹn yóò rò pé wọ́n ti fún òun ní ìpele 370 láti ibẹ̀rẹ̀ dé Manaus. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn méjèèjì ṣe gbọ́ ọ, wọn kò sì béèrè ohun tí ó dé sí ìyípadà ìpele méjì tí ó wà nínú ìwé ètò tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́ kí wọ́n lo òwe yìí fún ọ̀rọ̀ ìbágbépọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé ó kan iṣẹ́ ìdarí bàálù àfi ìgbà tí mo ka ọ̀ràn yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí kò bá ti fi kún un tí kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ilé ìṣọ́ São José kò yọ ohunkóhun kúrò. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ti dín kù kí ó tó dé ọwọ́ wọn, ìwé ètò tí ó pé sì wà níwájú wọn tí ó lè fi hàn wọ́n pé ó dín kù.

Bàálù náà dé ìpele 370 ní aago 15:33. Ní 15:51, nígbà tí ó ń sún mọ́ Brasília, awakọ̀ bọ́ sórí ìkànnì rédíò 125.05, ó kí ibùdó Brasília, ó sì sọ pé ìpele 370 ni òun wà. Adarí dá a lóhùn pé rédà rí i. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí Brasília àti bàálù náà gbọ́ ara wọn yékéyéké kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ní 15:55 ó gba orí Brasília kọjá, ó yà sójú ọ̀nà UZ6, ó sì ń bá ìpele 370 lọ. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, òun náà kò sì béèrè.

Ojú rédà Brasília nìkan ni nǹkan ti yí padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì bàálù kọ̀ọ̀kan lójú rédà yẹn, nọ́ńbà ìpele méjì ni wọ́n máa ń kọ sí. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ òsì ni ìpele tí bàálù fúnra rẹ̀ ń ròyìn, láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní transponder, tí ó máa ń dá rédà lóhùn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni ìpele tí ó yẹ kí bàálù wà. Bí bàálù náà ṣe kọjá lórí Brasília báyìí, kọ̀ǹpútà lọ wo ìwé ètò ìrìnàjò, ó rí i pé ìwé sọ pé 360 ni láti ibí lọ, ó sì fúnra rẹ̀ pààrọ̀ nọ́ńbà ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tí ó wà lójú rédà wá di 370=360.

Lójú tèmi, ibí yìí ni ìdí ọ̀ràn náà wà, ju ibikíbi lọ. Ààyè kan náà tí adarí ń wò láti mọ ìpele tí òun tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹnu pa láṣẹ ni kọ̀ǹpútà kọ ohun tí ìwé kàn gbèrò sí, láìsí àmì kankan tí yóò fi hàn pé ohùn ènìyàn kò tíì sọ ọ́ fún awakọ̀ kankan. Ètò wọ ẹ̀wù àṣẹ, ẹ̀wù náà sì bá a mu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń wò ó kò lè dá a mọ̀. NTSB náà tọ́ka sí ìyípadà àfúnraṣe yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó léwu. Fún ìṣẹ́jú méje gbáko, nọ́ńbà méjèèjì tí kò bá ara wọn mu wà lójú rédà, adarí tí ó wà nídìí rẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan. Ènìyàn lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé bàálù tí wọ́n bá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ láti 370 sí 360 yóò fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ hàn fún ìgbà díẹ̀, títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ní aago 16:02, transponder bàálù kékeré náà ṣíwọ́ iṣẹ́. Àwọn olùṣèwádìí kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Èrò wọn ni pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ kan ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sí ipò ìsinmi, nítorí pé bàálù náà ṣì ṣàjèjì sí àwọn tí ó ń wà á. Kò sí aago tí ó dún. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ kan ni ó jáde lójú ẹ̀rọ láti sọ fún wọn, àwọn méjèèjì kò sì rí i. Láàárín àkókò yẹn wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣírò bí wọn yóò ṣe lo pápákọ̀ Manaus, tí iṣẹ́ àtúnṣe ti dín ojú ọ̀nà rẹ̀ kù. Ìgbà tí transponder ti dákẹ́, ẹ̀rọ tí ó máa ń kìlọ̀ fún bàálù méjì kí wọ́n má baà forí sọ ara wọn náà ti dákẹ́ nìyẹn, nítorí pé orí transponder ni ó dúró lé. Awakọ̀ Boeing kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀ níwájú òun.

Lójú rédà Brasília, lẹ́tà Z wá rọ́pò àmì tí ó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nọ́ńbà ọwọ́ òsì kì í ṣe ohun tí bàálù sọ mọ́, àbá tí rédà àwọn ológun dá fúnra rẹ̀ ni. Àbá yìí máa ń lọ sókè sódò, òfin iṣẹ́ sì sọ pé kí adarí má ṣe fi ya bàálù méjì sọ́tọ̀. Láti ìpele 290 lọ sókè, níbi tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà péré ni ó máa ń wà láàárín bàálù, ẹni tí transponder rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ bí wọn kò bá fún un ní àyè tí ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kí wọ́n pe awakọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n bi í ní ìpele tí ó wà, kí wọ́n sì wo ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Wọn kò pè é.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tí àkókò fi tó fún adarí náà láti dìde kí ẹlòmíràn sì jókòó. Bí ó ṣe ń fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó ní ìpele 360 ni bàálù náà wà. Ní ìgbà yìí, kò sí nọ́ńbà 370 tí ó ti ọ̀dọ̀ bàálù wá lójú rédà mọ́ tí yóò ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó gba bàálù kan tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó wà ní 360, tí kọ̀ǹpútà sọ pé 360 ni ó yẹ kí ó wà, tí òfin ọ̀nà UZ6 sì sọ pé 360 bá a mu. Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó dà bí ẹni pé ó rí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n, ìwé ètò ìrìnàjò ni gbogbo wọn ti jáde. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àmọ́ ìròyìn tí ó bá gba ẹnu mẹ́ta jáde máa ń jọ àfojúbà.

Nígbà tí ó di 16:26, adarí tuntun bẹ̀rẹ̀ sí pe bàálù náà. Kò sí èsì. Ó pè é lọ́pọ̀ ìgbà títí di 16:34, bákan náà ni ó rí. Nígbà ìpè àkọ́kọ́ yẹn, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ara wọn kẹ́yìn, bàálù náà sì ti fò jìnnà kúrò níbi tí ìkànnì tí wọ́n fi í sí ti lè dé. Kò sí ẹni tí ó ti ní kí ó kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Àwọn awakọ̀ pẹ̀lú kò fura sí ìdákẹ́jẹ́ náà títí di 16:48, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe Brasília. Ìgbà méjìlá ni wọ́n pè é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ń gba orí àwọn ìkànnì tí ó wà nínú máàpù wọn. Àwọn kan nínú ìkànnì tí wọ́n tẹ̀ sínú máàpù náà ni wọn kò ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì adarí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó dà bí ẹni méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ ń kan ilẹ̀kùn ilé èkejì ní wákàtí kan náà.

Ní nǹkan bí 16:53, adarí Brasília sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́, ó ní kí bàálù náà lọ bá Amazônica lórí 123.32 tàbí 126.45. Àwọn awakọ̀ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó tún nọ́ńbà náà pè. Òun kò gbọ́ wọn. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀méje, pàbó ni ó já sí.

Àkókò yìí gan-an ni ìpè tẹlifóònù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wáyé. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nípamọ́ ní Brasília nígbà tí wọ́n gbé tẹlifóònù sétí. Ó ti tó ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta tí transponder bàálù náà ti dákẹ́. Ó ti lé ní wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ohùn awakọ̀ rẹ̀ kí ó yé e. Awakọ̀ náà kò sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé 360 ni òun wà, 370 ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó kọjá sórí wáyà. Nọ́ńbà nìkan ni ó kọjá, wọ́n sì sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ nọ́ńbà bàálù tí ara rẹ̀ yá gágá. Ní Manaus, ẹni tí ó gbà á kò béèrè bóyá transponder rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sì béèrè ìgbà tí Brasília bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò sí ìdí tí yóò fi béèrè, nítorí pé 360 kò lè pa ẹni tí ó wà ní 370 lára.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Manaus ni ó mọ ìtàn Boeing tí ó ń bọ̀. Bí Brasília bá ti sọ pé àwọn kò mọ ìpele tí bàálù àwọn wà dájú, ibùdó Amazônica kò ní láti bá bàálù kékeré náà sọ̀rọ̀ rárá kí ó tó lè dáàbò bo Boeing. Ó lè ní kí Boeing sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ó yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pọ̀, àmọ́ Boeing 737 kì í lo tó ìṣẹ́jú kan láti sọ ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan kalẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti pe Manaus ní 16:26, nígbà tí ìpè àkọ́kọ́ kò ní èsì, ìdajì wákàtí ni wọn ì bá ní.

Ní 16:56:54, nítòsí àmì kan tí wọ́n ń pè ní NABOL, lójú ààlà ibùdó méjèèjì, ṣóńṣó apá òsì bàálù kékeré gé nǹkan bí ìlàjì apá òsì Boeing. Boeing fọ́ lójú òfurufú, ó sì já sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Mato Grosso. Ẹnikẹ́ni kò yè nínú rẹ̀. Bàálù kékeré pàdánù ṣóńṣó apá rẹ̀, ìrù rẹ̀ náà fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ṣì rí i darí. Bàálù ẹlẹ́rù kan tí ó wà nítòsí bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn kọjá sí ilẹ̀, wọ́n sì balẹ̀ sí pápákọ̀ àwọn ológun ní Cachimbo kí ó tó pé ìdajì wákàtí. Àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ jáde láyọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ni transponder ti jí padà.

Ohun kan wà tí ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá ń ronú lórí ìjàǹbá yìí. Láyé àtijọ́, bí bàálù méjì bá tilẹ̀ wà ní ìpele kan náà lójú ọ̀nà kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀nà kò péye tó èyí tí yóò gbé wọn sórí ìlà kan ṣoṣo. Wọn ì bá fi ọ̀pọ̀ mítà gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Lónìí, ẹ̀rọ tí ń gba àmì láti ojú sátẹ́láìtì gbé àwọn méjèèjì sí àárín ọ̀nà gan-an. Ìdí rèé tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn agbègbè kan, wọ́n gba awakọ̀ láyè kí ó mọ̀ọ́mọ̀ fò díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún àárín ọ̀nà.

Ìròyìn CENIPA àti àlàyé NTSB kò gbé ìwúwo ọ̀ràn náà ka ibì kan náà. Bràsíl tẹnu mọ́ ìwà àwọn awakọ̀ pẹ̀lú ti àwọn adarí. Amẹ́ríkà ní àwọn awakọ̀ bàálù méjèèjì tẹ̀ lé àṣẹ tí wọ́n fún wọn, àṣẹ yẹn ni ó sì gbé wọn kojú ara wọn, nípasẹ̀ àṣìṣe ẹni kọ̀ọ̀kan àti ti ètò iṣẹ́ ìdarí lápapọ̀. Ilé ẹjọ́ ní Bràsíl dá àwọn awakọ̀ méjèèjì lẹ́bi, ó sì dá lára àwọn adarí, tí wọ́n jẹ́ ológun òfurufú, lẹ́bi pẹ̀lú. Ìbínú àwọn adarí sí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí ó da pápákọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè náà rú ní ìparí ọdún 2006 àti nínú ọdún 2007. N kò ní bá ìjiyàn yẹn lọ síwájú. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí kò lè pààrọ̀ ìdájọ́ ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó lè pààrọ̀ bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Bràsíl nìkan ni. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1997, bàálù ológun Jámánì kan tí ó ń ti Niamey lọ sí Windhoek, àti bàálù ológun Amẹ́ríkà kan tí ó gbéra ní Windhoek, forí sọ ara wọn lórí òkun Nàmíbíà ní ìpele 350. Ènìyàn 33 ni ó kú. Èyí tí ó ń bọ̀ láti àríwá wà ní ìpele tí kò bá ìhà tí ó dorí kọ mu, ìròyìn nípa bíbọ̀ rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ àwọn adarí Windhoek. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ó ti di àṣà àwọn awakọ̀ láti máa kéde ipò àti ìpele wọn fún ara wọn lórí ìkànnì 126.9, nítorí pé wọn kò lè gbọ́kàn lé e pé ọ̀rọ̀ yóò ti ibùdó kan dé èkejì. Adarí Èkó tí ó ń fa bàálù lé Accra lọ́wọ́, tàbí ti Kano tí ó ń fa tirẹ̀ lé Niamey lọ́wọ́, mọ ohun tí mo ń sọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀ràn yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fà léni lọ́wọ́ ju bàálù tí wọ́n ń fà léni lọ́wọ́ lọ. Nọ́ńbà tí kò bá ní orísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò pé, ìbáà jẹ́ láàárín ibùdó méjì, ìbáà jẹ́ láàárín ẹni tí ó ń dìde àti ẹni tí ó ń jókòó sórí àga kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń fúnni gbọ́dọ̀ ya ohun tí awakọ̀ sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí rédà rí, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìwé gbèrò. Bí kò bá sọ ọ́, ẹni tí ó ń gbà gbọ́dọ̀ bi í. Kò sì yẹ kí ìtìjú wà nínú rẹ̀. Mo fura pé lára ohun tí ó mú kí ìpè 16:53 kúrú tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó mìíràn kí ó sì jẹ́wọ́ pé bàálù kan ti bọ́ lọ́wọ́ òun láti wákàtí kan sẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá tí ó bá ń fi irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ níyà ń kọ́ wọn láti máa fi nọ́ńbà lásán bo ihò mọ́lẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti kọ ohun tí Brasília ì bá sọ fún Manaus. Mo kà á sókè, aago tí mo fi wọ̀n ọ́n kò pé ìdajì ìṣẹ́jú: «Ìpele 360 ni ìwé sọ, àmọ́ awakọ̀ kò sọ ọ́ fún wa. 370 ni ó sọ ní 15:51, a kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Transponder rẹ̀ dákẹ́ ní 16:02. Ẹ kà á sí ẹni tí a kò mọ ìpele rẹ̀. Ta ni ó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?»